Ẹ̀yin àbúrò mi tó ń wọ Grade 9, ẹ má dákẹ́

Ẹ̀yin àbúrò mi ní Mississauga tí ẹ máa wọ Grade 9 ní September, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tèmi.

Ọmọ ọdún 14 ni mí nígbà tí wọ́n ní kí n mú ìṣirò Applied. Wọn ò tíì dán mi wò rárá o! "Yẹs, sà" ni mo sọ, torí nílé wa, ọmọ kì í bá àgbà jiyàn. Màmá mi náà fọwọ́ síwèé, wọ́n ní olùkọ́ ló mọ̀ jù. Ọdún kan gbáko pẹ̀lú summer school ni mo fi padà sójú ọ̀nà yunifásítì.

Ontario ti fòpin sí ìpínyà yẹn ní Grade 9: ìṣirò ní 2021, àwọn ẹ̀kọ́ yòókù ní 2022. Ọ̀kan nínú ìdí rẹ̀ ni pé wọ́n ń ti àwa ọmọ aláwọ̀ dúdú sí Applied ju àwọn ẹlòmíì lọ. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ò tíì tán. Ìṣirò Applied ṣì wà ní Grade 10, kò sì gbé èèyàn dé Functions ti Grade 11 tààrà. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ṣe engineering, ẹ gbọ́ o!

Kọ́lẹ́ẹ̀jì ò burú. Ohun tó burú ni kí ẹlòmíì bá yín yàn án, kí ẹ má sì mọ̀. Ẹ bèèrè: "Ibo lèyí ń gbé mi lọ? Ilẹ̀kùn wo ló ń tì?" Ìyẹn kì í ṣe àrífín. Abèèrè kì í ṣìnà.

Ẹ̀yin òbí wa, ẹ dákun, ẹ má fọwọ́ síwèé tí ẹ ò kà.