Díẹ̀díẹ̀ Ni A Fi Ń San Gbèsè Tán

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, ọ̀rọ̀ tí ọ̀pọ̀ wa máa ń sọ ní kọ̀rọ̀ ni. Ọ̀rọ̀ gbèsè ni. Bí a bá ní kí àwọn tí orí ń fọ́ jáde wá fún àdúrà, wọn á jáde. Bí a bá ní kí àwọn tó jẹ gbèsè jáde, olúkúlùkù á máa wo ilẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni gbèsè ń lé oorun lójú ọ̀pọ̀ ìdílé ní Mile 12, ní Kétu àti ní Ìkòsì ju ẹ̀fọ́rí lọ.

Èrò tèmi kò pọ̀. Gbèsè kì í tán lọ́jọ́ kan, díẹ̀díẹ̀ ló ń tán. Ohun tó sì ń dá ọ̀pọ̀ èèyàn dúró lójú ọ̀nà kì í ṣe àìsí owó nìkan. Àárẹ̀ ọkàn wà níbẹ̀, ìtìjú wà níbẹ̀, àti pé onítọ̀hún ń dá nìkan rìn. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ ọ̀rọ̀ gbogbo ìjọ, tí kì í ṣe ti ẹni tó jẹ gbèsè nìkan.

KÌ Í ṢE GBOGBO ONÍGBÈSÈ NI ÀPÀ

Àwọn kan rò pé ẹnikẹ́ni tó bá ti jẹ gbèsè, àpà ni. Òótọ́ ni pé àwọn kan ń yá owó ra aṣọ ẹbí, àwọn mìíràn ń yá owó ṣe òkú. Mo máa padà sórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọjà Mile 12 fúnra rẹ̀ ná. Òkè Ọya ni ọ̀pọ̀ nínú tòmátì, ata àti àlùbọ́sà tí wọ́n ń tà níbẹ̀ ti ń wá, láti Kánò, Kàdúná, Jìgáwà àti àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn. Bí ọkọ̀ bá bàjẹ́ lọ́nà, tàbí tí wọ́n dá a dúró, ẹrù inú rẹ̀ kò ní dúró de ẹnikẹ́ni. Ìyá tó gba apẹ̀rẹ̀ tòmátì ogún láwìn, tí mẹ́jọ sì jẹrà nínú rẹ̀, owó ogún ni ẹni tó ni ẹrù máa bèèrè. Tòmátì a máa jẹrà, ṣùgbọ́n gbèsè orí rẹ̀ kì í jẹrà.

Ẹ jẹ́ ká rántí ohun tí ojú wa ti rí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta ọdún 2016, ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní Mile 12, Gómìnà Akinwunmi Ambode sì pàṣẹ pé kí wọ́n ti ọjà náà pa. Ní ọdún yẹn kan náà, kòkòrò kan ya bo oko tòmátì ní Kàdúná, àwọn èèyàn sì ń pè é ní Ebola tòmátì. Ní ọdún 2020, ìgbélé kòrónà dé. Ní òpin oṣù kejì ọdún 2021, lẹ́yìn wàhálà ọjà Ṣáṣá ní Ìbàdàn, àwọn oníṣòwò oúnjẹ láti Òkè Ọya dá ẹrù dúró fún ọjọ́ bíi mélòó kan, wọn kò jẹ́ kó wọ gúúsù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, owó náírà wọ́n bí ojú. Nínú irú àkókò bẹ́ẹ̀, ọjà lè dúró, ṣùgbọ́n ọjọ́ ìsanwó kì í sábà dúró. Ẹni tó fi lóònù ṣòwò lásìkò yẹn kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe àpà. Ẹ má ṣe jẹ́ ká máa fi ẹnu ba irú wọn jẹ́.

OLÓGÒ TI WỌ INÚ FÓÒNÙ

Gbèsè kì í ṣe ohun tuntun láàárín àwa Yorùbá. Samuel Johnson, tí wọ́n tẹ ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ jáde ní ọdún 1921, sọ̀rọ̀ nípa ìwọ̀fà nínú rẹ̀. Ẹni tó yá owó á máa ṣiṣẹ́ fún olówó, tàbí kó fi ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ láti ṣe é. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé iṣẹ́ náà, èlé lásán ni. Bó ti wù kí ìwọ̀fà ṣiṣẹ́ pẹ́ tó, owó tí wọ́n yá gan-an ṣì wà nílẹ̀ gbọingbọin. Ológò náà sì wà nígbà náà, ẹni tó máa ń wá dógò ti onígbèsè nínú ilé rẹ̀, tí á máa jẹ, tí á máa mu, tí á máa pariwo, títí ojú á fi ti àwọn ará ilé tí wọn á sì wá owó jáde.

Ológò òde òní kò jókòó sí pálọ̀ mọ́. Inú fóònù ló wà. Àwọn kan nínú àwọn tó ń yáni lówó lórí fóònù máa ń kó nọ́ńbà gbogbo èèyàn tó wà lórí fóònù ẹni, wọn á sì máa ránṣẹ́ sí wọn pé olè ni lágbájá. Wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí àna ẹni, sí ọ̀gá ẹni, sí pásítọ̀ ẹni. Ní ọdún 2021, àjọ NITDA bu owó ìtanràn mílíọ̀nù mẹ́wàá náírà lé ọ̀kan nínú àwọn ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lórí. Ní oṣù kẹta ọdún 2022, àjọ FCCPC, tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ àwọn oníbàárà, àti àwọn agbófinró ya wọ ọ́fíìsì irú wọn ní Ìkẹjà. Ní ọdún 2025, FCCPC ṣe òfin tuntun. Ilé iṣẹ́ tó bá rú u lè san tó ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù náírà, tàbí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún un lọ́dún. Nítorí náà, bí wọ́n bá dójú tì yín báyìí, ẹ má sá pamọ́. Ẹ tọ́jú àtẹ̀jíṣẹ́ náà, ẹ sì kó o lọ bá FCCPC. Pé èèyàn jẹ gbèsè kò sọ ọ́ di ẹni tí wọ́n lè máa bú káàkiri àdúgbò.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ síra wa: ẹjọ́ náà kò pa gbèsè rẹ́. Owó tí a yá, a ní láti san án.

Ẹ KA GBÈSÈ YÍN

Ìgbésẹ̀ kìíní ni pé kí ẹ mú ìwé àti bírò. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: ẹni tí ẹ jẹ, iye tí ẹ jẹ, èlé orí rẹ̀, àti ọjọ́ tó yẹ kí ẹ san án. Ti ìyá oníṣòwò ẹgbẹ́ yín ńkọ́? Ẹ kọ ọ́. Ti owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ ńkọ́? Ẹ kọ ọ́. Gbèsè tí a kò bá kà, inú òkùnkùn ló ń gbé, ó sì máa ń tóbi lójú ẹni ju bó ṣe rí lọ. Ẹ jẹ́ kí ọkọ tàbí aya yín rí ìwé náà. Mo mọ̀ pé èyí le, ṣùgbọ́n èèyàn méjì kò lè jọ gbé ẹrù tí ọ̀kan nínú wọn kò mọ̀ pé ó wà.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo èlé. Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ wò ó. Ká ní èèyàn yá 100,000 náírà lọ́wọ́ olówó èlé ọjà, kọ́bọ̀ mẹ́wàá lórí náírà kan lóṣooṣù. Bó bá ń san èlé nìkan, 10,000 ni lóṣù. Lẹ́yìn oṣù mẹ́wàá, ó ti san 100,000 náírà, bẹ́ẹ̀ ló ṣì jẹ 100,000. Kí ni ìyàtọ̀ èyí àti ìwọ̀fà? Ìdí rèé tí àwọn èèyàn fi ń pè é ní owó sọgúndogójì.

Ẹ wo èkejì, lóònù ẹgbẹ́ tí à ń san lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí àwọn èèyàn ń pe àwọn kan nínú rẹ̀ ní gbọ́múlé-lántà. Ká ní ẹ yá 100,000, kí ẹ san 5,000 lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 24. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 120,000. Wọn á sọ pé èlé rẹ̀ jẹ́ ogún nínú ọgọ́rùn-ún péré. Ṣùgbọ́n láti ọ̀sẹ̀ kìíní ni ẹ ti ń dá owó padà. Nígbà tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ kejìlá, ìdajì owó náà ti kúrò lọ́wọ́ yín, èlé tí ẹ ń san kò sì dínkù. Bí a bá pín in dọ́gba, owó tó wà lọ́wọ́ yín ní gbogbo àkókò náà kò ju bíi 52,000 lọ. Èlé 20,000 lórí 52,000 láàárín oṣù tí kò pé mẹ́fà kì í ṣe owó kékeré. Bí wọ́n bá tún yọ owó ìforúkọsílẹ̀ kúrò ní ìbẹ̀rẹ̀, ó tún le sí i. Ẹ bèèrè gbogbo èyí kí ẹ tó fọwọ́ síwèé.

ÈWO LA MÁA KỌ́KỌ́ SAN?

Àwọn onímọ̀ ìṣirò á ní ká kọ́kọ́ san èyí tí èlé rẹ̀ pọ̀ jù. Lórí ìwé, wọn kò purọ́. Ṣùgbọ́n ọkàn èèyàn kì í ṣe ìwé. Ní ọdún 2012, àwọn olùkọ́ méjì ní Fásitì Northwestern ní Amẹ́ríkà, David Gal àti Blakeley McShane, gbé ìwádìí jáde nípa àwọn tí gbèsè wọ̀ lọ́rùn. Wọ́n rí i pé àwọn tó ń san gbèsè kọ̀ọ̀kan tán pátá, tí wọ́n ń fagi lé e, ló sábà máa ń dé òpin ìrìn àjò náà. Ayọ̀ pé “èyí ti tán” ń fún èèyàn lágbára láti kọjú sí èyí tó kù.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi rèé. Ẹ mú gbèsè kan tó kéré jù, ẹ san án tán, ẹ fi bírò pupa fagi lé e. Lẹ́yìn náà, ẹ kọjú sí èyí tí èlé rẹ̀ ń jẹ yín tán bí ikán. Bí ẹ bá ti san ọ̀kan tán, ẹ má ṣe jẹ owó tí ẹ ń san lórí rẹ̀. Ẹ gbé e lé èyí tó tẹ̀ lé e. Ẹ má sì ṣe yá lóònù tuntun láti fi san ti àtijọ́, àfi bí èlé ti tuntun bá kéré gan-an ju ti àtijọ́ lọ, tí ẹ sì ti fi ìwé ṣírò rẹ̀.

Àjọ tí àwọn ìyá wa ń dá lè ràn wá lọ́wọ́ níbí. Ẹni tó bá ń dá 1,000 náírà lójúmọ́, tí alájọ sì mú owó ọjọ́ kan, á rí 29,000 gbà ní òpin oṣù ọlọ́gbọ̀n ọjọ́. Láàárín oṣù mẹ́fà, ó ti di 174,000. Ẹ yan àjọ kan tó jẹ́ ti gbèsè nìkan, kí ẹ má fi ọwọ́ kàn án fún ohun mìíràn. Kí ẹ sì rí i pé ẹni tó mọ́wọ́ ni alájọ náà, tí a mọ ilé rẹ̀.

Ọjọ́ kan á wà tí ẹ kò ní rí san. Ẹ má pa fóònù. Kí ọjọ́ náà tó pé, ẹ lọ bá olówó, ẹ sọ iye tí ẹ lè mú wá. Ọ̀pọ̀ olówó máa ń gba ìdajì lọ́wọ́ ẹni tó wá fúnra rẹ̀ ju kó máa lé ẹni tó sá lọ. Ẹni tó bá sì kọsẹ̀ ní oṣù kan kò tíì ṣubú. Kó padà sí ìwé rẹ̀ ní oṣù tó tẹ̀ lé e.

IṢẸ́ TÓ KAN ÌJỌ

Mo gbàgbọ́ nínú àdúrà. Ṣùgbọ́n ẹ wo opó inú Ìwé Àwọn Ọba Kejì, orí kẹrin, tí olówó fẹ́ kó ọmọ rẹ̀ méjèèjì lọ. Èlíṣà bèèrè ohun tó kù nínú ilé rẹ̀. Òróró di púpọ̀ lóòótọ́, iṣẹ́ ìyanu ni, ṣùgbọ́n opó náà ṣì ní láti tà á, kó kọ́kọ́ san gbèsè, kí òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ tó wá máa jẹ ìyókù. Ẹ kíyè sí i pé ọ̀dọ̀ àwọn aládùúgbò ló ti yá ìkòkò. Bí kò bá sí aládùúgbò, ibo ni òróró ì bá wà?

Nehemáyà pẹ̀lú, ní orí karùn-ún ìwé rẹ̀, kò kàn gbàdúrà fún àwọn tó ti fi oko àti ọmọ dógò. Ó pe àwọn ọlọ́lá jọ, ó bá wọn wí, ó sì ní kí wọ́n dá ohun tí wọ́n gbà padà. Ó ka ara rẹ̀ mọ́ àwọn tó ń yáni lówó. Kò yọ ara rẹ̀ sílẹ̀.

Kí wá ni ká ṣe? Àkọ́kọ́, ká dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sílẹ̀ nínú ìjọ, kí ìwé owó rẹ̀ wà ní gbangba, kí èlé rẹ̀ sì kéré. Àwa òṣìṣẹ́ ìjọba mọ bí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe ń gba èèyàn là lọ́wọ́ olówó èlé. Ìyá oníṣòwò náà yẹ kó ní irú rẹ̀. Èkejì, ká dín aṣọ ẹbí kù. Ẹni tí kò bá ra aṣọ, kó jókòó pẹ̀lú wa láìsí ojú burúkú. Ẹ̀kẹta, ká gba ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹni tó san ìdajì gbèsè rẹ̀, bí a ṣe ń gbà á lọ́wọ́ ẹni tó ra mọ́tò. Ẹ̀kẹrin, kí ẹni tó bá ṣe onídùúró fún arákùnrin tàbí arábìnrin rẹ̀ má ṣe di ẹni tó ń lọ dójú tì í nílé. Kó ràn án lọ́wọ́ láti ṣírò, kó sì bá a lọ bẹ olówó.

Ẹ̀yin ará, ẹ mú ìwé yẹn jáde lálẹ́ òní, kí ẹ kọ gbèsè àkọ́kọ́ sí i. Ẹni tí kò bá mọ̀wé kọ, kó pe ọmọ rẹ̀ tàbí kó wá bá wa. Kí Olúwa bùkún iṣẹ́ ọwọ́ wa, kó sì fún wa ní ọkàn tí kò ní rẹ̀ títí a ó fi fagi lé èyí tó kẹ́yìn.