Ìwé Ẹyọ Kan Lọ́wọ́ Ẹnì Kan

Ẹ jẹ́ kí a rántí ohun tí ojú ìwé ìtàn Yorùbá ti Àlùfáà Samuel Johnson rí kí ó tó tẹ̀ wá lọ́wọ́. Ní ọdún 1899 ni a fi í ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Òyìnbó fún títẹ̀. Ó sì sọnù níbẹ̀. Johnson kú ní ọdún 1901. Bí kì í bá ṣe pé àkọsílẹ̀ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ wà nílé, tí àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, sì fi wọ́n tún ìwé náà kọ, ohun tí àwọn arókin Ọ̀yọ́ sọ fún un ìbá ti bá omi lọ. Ní ọdún 1916, lákòókò ogun, àwọn ará Jámánì mú ọkọ̀ Appam tí ó gbé e lójú òkun. Ó tó bí ọdún méjì kí ó tó dé ibi tí a rán an. Ọdún 1921 ni ó jáde.

Ìwé tí ó bá jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo, ọ̀nà ikú rẹ̀ pọ̀.

Lónìí, ìròyìn tí Johnson kọ ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ CMS wà ní Yunifásítì Birmingham. Ìwé Herbert Macaulay wà ní Yunifásítì Ìbàdàn. Orin àti ọ̀rọ̀ Yorùbá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Lorenzo Dow Turner gbà sílẹ̀ lẹ́nu àwọn ará Bahia, ní Brazil, ní ọdún 1940 àti 1941 wà ní Yunifásítì Indiana, ní Amẹ́ríkà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ní owó ọkọ̀, tí kò sì rí ẹni fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí i, ọwọ́ òfo ni yóò fi kọ ìtàn baba rẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ẹ̀dà tí òun fún ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn yóò dín iyì òun kù, àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Aládùúgbò tí ó wá bu iná kò pa iná ààrò wa. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Nítorí náà, a rọ àwọn yunifásítì wa ní Ìbàdàn, Ifẹ̀ àti Èkó kí wọ́n tẹ àkọsílẹ̀ ohun gbogbo tí ó wà ní ìpamọ́ wọn jáde, kí wọ́n sì máa fi ẹ̀dà ṣe pàṣípààrọ̀, kí orúkọ ilé tí ó ni ojúlówó wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. A bẹ àwọn ti òkè òkun pẹ̀lú kí wọ́n fi ẹ̀dà ohun tí ó ti ọ̀dọ̀ wa lọ ránṣẹ́ sílé. Ẹ̀yin ọba àti ìjòyè, ìwé tí ó wà nínú àpótí ààfin yín ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí a ṣe ẹ̀dà wọn kí ikán tó kà wọ́n tán.