Bisikíìtì Kọ́ Ni Oúnjẹ Ọ̀kẹ́rẹ́

Ikún ń jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀, ikún ń rèdí. Ikún ò mọ̀ pé ohun tó dùn ní í pani. Kò sí ọmọ Yorùbá tí wọn ò tíì fi òwe yìí bá wí rí. Wọ́n á ní ẹni tó ń tẹ̀lé ọ̀rẹ́ burúkú ni ikún, ẹni tó ń ná owó tí kò mọ orísun rẹ̀ náà ni ikún. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n lónìí, ikún gan-an la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, òun àti ọ̀kẹ́rẹ́ ìbátan rẹ̀, nítorí a ń rí àwọn ọ̀dọ́ ní agbègbè wa, láti Fìdítì dé Ìlọrá, tí wọ́n ń fi wọ́n ṣe ohun ọ̀sìn, tí oúnjẹ tí wọ́n ń fún wọn sì ń pa wọ́n. Nínú òwe, ọdẹ ló fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ sínú pàkúté. Nínú ilé, kò sí pàkúté kankan. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn fúnra rẹ̀ ni pàkúté.

Bó ṣe máa ń rí nìyí. Wọ́n ṣán oko, wọ́n gé igi, ìtẹ́ já bọ́, ọmọ ọ̀kẹ́rẹ́ méjì tí ojú wọn ò tíì là wà nínú rẹ̀. Ẹnì kan gbé wọn wálé, ó sọ wọ́n lórúkọ, ó so rìbọ́ọ̀nù mọ́ ọ̀kan lọ́rùn, ó gbé fóònù síwájú rẹ̀. Bisikíìtì, ẹ̀pà sísun, gúgúrú, búrẹ́dì tí wọ́n rì sínú mílíìkì. Ọ̀kẹ́rẹ́ fi ọwọ́ méjèèjì mú bisikíìtì bí ọmọ èèyàn, gbogbo ayé rẹ́rìn-ín, láìkì ń wọlé. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ẹranko náà ò fò mọ́. Ó ń wọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nílẹ̀. Bí wọ́n bá gbé e, ó ń ké. Lọ́jọ́ kan gìrì á gbé e, ó tán. Wọ́n á ní òtútù ni, wọ́n á ní ẹranko igbó kì í gbé ilé. Irọ́ ni. Egungun rẹ̀ ló ti jẹ tán.

Àwa tó jẹ́ pé ètò kọ̀ǹpútà là ń kọ jẹun mọ irú nǹkan báyìí dáadáa. Àṣìṣe tó ń pariwo kì í dẹ́rù bà wá: ètò á dá dúró, ojú kọ̀ǹpútà á pọ́n, èèyàn á wá ibi tó ti bà jẹ́. Èyí tó burú ni èyí tó dákẹ́, tí gbogbo nǹkan ń ṣiṣẹ́ bí ẹni pé kò sí wàhálà, títí di ọjọ́ tí ẹ̀pa ò ní bóró mọ́. Bí ọ̀rọ̀ calcium ṣe rí nínú ara nìyẹn. Ẹ̀jẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ìwọ̀n calcium kan kí ọkàn tó lè máa lù, kí iṣan tó lè máa ṣiṣẹ́. Bí oúnjẹ ò bá mú un wá, ara á lọ yá a lọ́wọ́ egungun. Nítorí náà, ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ọ̀kẹ́rẹ́ yín ṣì ń fò, ó ń ṣeré, ẹ̀yin náà ń dunnú pé ara rẹ̀ le. Egungun ara rẹ̀ ló ń jẹ.

Ẹ wo nọ́ńbà. Nínú 100 gíráàmù ẹ̀pà, calcium jẹ́ nǹkan bíi 92 mílígíráàmù, phosphorus sì ju 370 lọ. Ti àgbàdo gbígbẹ tún burú: 7 sí 210. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́: 5 sí 22. Ohun tí ọ̀kẹ́rẹ́ sì nílò ni kí calcium bá phosphorus dọ́gba, ó kéré tán, kó tilẹ̀ tó ìlọ́po méjì rẹ̀ ló dáa jù. Ẹ̀pà ti yí ìṣirò yẹn dorí kodò. Ẹ wá gbé ẹranko náà sínú yàrá tí kọ́tìnnì bò, níbi tí oòrùn ò dé, tí ara rẹ̀ ò ti lè ṣe fítámì D tí calcium fi ń wọ ara. Kí lẹ rò pé yóò ṣẹlẹ̀?

A mọ ohun tí ẹ máa sọ. Ṣebí ẹ̀pà àti àgbàdo náà ló ń jí nínú oko? Bẹ́ẹ̀ ni o. Ẹ bi àgbẹ̀ Ìlọrá tó gbin àgbàdo lánàá tí ikún ti hú jẹ lónìí, èpè ni yóò fi dá yín lóhùn. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mélòó ni olè yẹn fi ń jà nínú ọdún? Ní ìyókù ọdún, ewé ló ń jẹ, èso igbó, gbòǹgbò, èèpo igi, kòkòrò, ẹyin ẹyẹ. Ta ló ń ká fídíò rẹ̀ níbẹ̀? Ó tún máa ń gé egungun ẹran tó kú jẹ. Ọ̀kẹ́rẹ́ ńlá kan wà nínú igbó kìjikìji ilẹ̀ Áfíríkà tiwa níbí, èyí tó fẹ́ràn èkùrọ́ gan-an. Ní 1860, Paul Du Chaillu, arìnrìn-àjò tó lọ sí Gabon, fún un ní orúkọ Látìn tó túmọ̀ sí "ajeyín-erin", torí pé ó máa ń gé eyín erin tó ti kú sínú igbó jẹ. Ẹranko tó ń wá eyín erin kiri, bisikíìtì lẹ̀ ń fún un.

Àwọn kan sì wà tí wọ́n ti gbọ́n ju ti bisikíìtì lọ, àmọ́ Amẹ́ríkà ni ọgbọ́n wọn wà. Wọ́n lọ ka ohun tí wọ́n kọ nípa ọ̀kẹ́rẹ́ ìlú òyìnbó, wọ́n bá acorn níbẹ̀, wọ́n bá pecan, wọ́n bá oúnjẹ inú ọ̀rá tí wọ́n ń fi dọ́là rà. A ti rí ẹni tó wọ mọ́tò lọ wá blueberry kiri Ìbàdàn nítorí ọ̀kẹ́rẹ́, tó sì gba àárín ẹ̀fọ́ yánrin kọjá kó tó dé gáréèjì. Ìwé òyìnbó ní kí wọ́n fún un ní dandelion. Ó dáa. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pe yánrin ni Launaea taraxacifolia. Ìdajì kejì orúkọ yẹn ń sọ pé ewé rẹ̀ jọ ti dandelion. Ìdílé kan náà ni wọ́n. Ohun tí ìyá wa ń fi ẹ̀gúsí sè nìyẹn.

Ewé ni kó ṣáájú, nígbà náà. Yánrin, ewédú, ewé moringa tí calcium rẹ̀ tó 185 sí phosphorus 112. Tẹ̀tẹ̀ àti gbúre ò burú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n kì í ṣe lójoojúmọ́, nítorí oxalate inú wọn máa ń di calcium mú kó má lè wọ ara. Ẹ fún un ní ìrẹ̀ àti tata, èsúnsún náà nígbà òjò. Èkùrọ́ tòun ti èèpo rẹ̀, ọ̀kan tàbí méjì lóòjọ́, torí eyín ọ̀kẹ́rẹ́ kì í yé hù; èyí tí búrẹ́dì rírọ̀ nìkan ń bọ́, eyín rẹ̀ á gùn, á ká kò, á sì máa gún un lẹ́nu. Awùsá díẹ̀, kò gbọdọ̀ pọ̀, torí òróró rẹ̀. Ní ti calcium fúnra rẹ̀, ẹ yé ná owó. Ìkarahun ìgbín tí ẹ̀ ń dà sórí ààtàn, calcium carbonate ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ látòkè délẹ̀. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sè é, ẹ lọ̀ ọ́ kúnná, ẹ bu ìfúnpọ̀ kékeré sórí ewé. (Ẹ má gbọ́ tẹni tó ní kí ẹ fún un ní oúnjẹ adìyẹ tó ń yé. Calcium ti ìyẹn pọ̀ jù, ti ẹni tó ń ṣe èèpo ẹyin ni.)

Èso ńkọ́? Ẹni tó bá ti gba ojú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ kọjá rí mọ̀ pé èso ò lè wọ́n àwa ará Fìdítì. Nọ́ńbà ọsàn dáa, 40 sí 14. Ti ìbẹ́pẹ náà dáa, 20 sí 10. Ṣùgbọ́n ṣúgà ń bẹ nínú wọn, kí ègé kan má ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìyeyè àti àgbálùmọ̀ lásìkò wọn.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ohun tó bá ti inú igbó wá ti mọ́ nìyẹn. Oko tí wọ́n fọ́n oògùn apakoríko sí lánàá ṣì máa tutù yọ̀yọ̀ lónìí. Ẹ béèrè lọ́wọ́ olóko kí ẹ tó já ewé kan. Ẹ̀gẹ́ tútù ní májèlé. Obì ní kaféènì, ara kékeré bẹ́ẹ̀ ò lè gbà á. Ẹ̀pà tó ti bu, èyí tí a máa ń ṣà dànù tí a ní "ẹ fún ẹran jẹ," òun ló burú jù. Ní 1960, ó lé ní 100,000 tòlótòló tó kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nítorí oúnjẹ tí wọ́n fi ẹ̀pà Brazil tó ti bu ṣe. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣàwárí májèlé tó ń jẹ́ aflatoxin. Wọ́n á ní ẹranko mọ ohun tó lè pa òun. Ta ló kọ́ ọ? Ìyá rẹ̀ ló yẹ kó kọ́ ọ, ẹ sì ti gbé e kúrò lọ́wọ́ ìyá kí ojú rẹ̀ tó là.

Ìdí nìyẹn tí a fi ń bínú sí àwọn tó ń gun igi lọ kó ọmọ ọ̀kẹ́rẹ́ tà, àti ẹ̀yin tí ẹ̀ ń rà á nítorí fídíò. Ewu tiyín náà wà níbẹ̀. Ní 2003, wọ́n kó àwọn ẹranko kékeré láti Ghana lọ tà ní Amẹ́ríkà fún ọ̀sìn, ọ̀kẹ́rẹ́ wà lára wọn. Èèyàn 47 ni wọ́n kà mọ́ àwọn tí àrùn mpox tó tara wọn wá mú. Ẹ fi èyí tó wà lórí igi sílẹ̀ níbẹ̀.

Ẹni tó bá sì ti ní ọ̀kan nílé, kó gbé àgò rẹ̀ bọ́ sínú oòrùn àárọ̀, kó fi nǹkan bo apá kan kó lè rí ibòji sá sí. Kó kó bisikíìtì kúrò níwájú rẹ̀, bó ti wù kó máa bẹ̀bẹ̀ tó. Bó bá ti ń wọ́ ẹsẹ̀, kó má fi ìkarahun ìgbín ṣe oògùn o, ó ti kọjá ìyẹn. Ilé ìwòsàn ẹranko wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, mọ́tò ò sì wọ́n ní Fìdítì. Kó gbé e lọ lónìí.