Igbà Ló Já, Kì í Ṣe Obìnrin

Bí ọkùnrin bá já bọ́ lórí ọ̀pẹ, àwọn ará àdúgbò á ní igbà ló já. Bí obìnrin bá gun ọ̀pẹ yẹn kan náà, tí igbà kan náà sì já mọ́ ọn nídìí, wọn ò ní bèèrè igbà mọ́. Wọ́n á ní, "A ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀! Ta ló ní kí obìnrin máa gọ̀pẹ?" Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ dá mi lóhùn: ta ló ya ọkùnrin sọ́tọ̀ kúrò lára obìnrin níbẹ̀, ṣé igbà ni, àbí àwa tí a dúró sí ìdí ọ̀pẹ?

Ohun tí wọ́n fi ojú Kara Hultgreen rí lẹ́yìn ikú rẹ̀ gan-an nìyẹn. Ọmọ Amẹ́ríkà ni. Ó kàwé nípa ẹ̀rọ òfuurufú ní yunifásítì Texas tó wà ní Austin, ó sì wọṣẹ́ ológun ojú omi. Nígbà náà, wọn kì í jẹ́ kí obìnrin wa bàlúù tó ń lọ jagun. Oṣù kẹrin 1993 ni Les Aspin, mínísítà ọ̀rọ̀ ààbò wọn, tó ṣílẹ̀kùn ọ̀hún. Nígbà tó fi máa di ìparí oṣù keje 1994, Kara ti yege, òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ tí wọ́n gbà láti máa wa bàlúù ogun F-14 láti orí ọkọ̀ ojú omi.

Kò pé oṣù mẹ́ta sí i tí ikú fi dé. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹwàá 1994, ó ń bọ̀ wá ba bàlúù rẹ̀ lé orí ọkọ̀ Abraham Lincoln, lójú òkun San Diego. Ogun kọ́ ni wọ́n lọ jà o, ìdánrawò ni. Ẹni tó bá ti dé pápákọ̀ òfuurufú Ìkẹjà mọ bí ojú ọ̀nà tí bàlúù ń sáré lé ṣe gùn tó. Ti orí ọkọ̀ ojú omi kò ju bíńtín lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyẹn, ó sì tún ń rìn lọ lórí omi. Kara kọjá ìlà tó yẹ kó tọ̀, ó fẹ́ yí i padà. Níbi tó ti ń yí i, atẹ́gùn kò wọ ẹ́ńjìnnì apá òsì dáadáa mọ́, ẹ́ńjìnnì náà sì daṣẹ́ sílẹ̀. Bàlúù dà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹnì kejì rẹ̀ tó jókòó lẹ́yìn fa ohun tí í ta àwọn méjèèjì síta pẹ̀lú àga wọn. Tẹni ẹ̀yìn ló kọ́kọ́ jáde, òun sì yè é. Ti Kara tẹ̀ lé e, kò tó ìdajì ìṣẹ́jú àáyá, ṣùgbọ́n bàlúù ti dà jù. Inú omi ni àga ta á sí. Ọmọ ọdún 29 ni. Ọjọ́ 12 oṣù kọkànlá ni wọ́n tó gbé òkú rẹ̀ jáde nísàlẹ̀ òkun tó jìn ju 3,000 ẹsẹ̀ bàtà lọ, ó ṣì wà lórí àga rẹ̀.

Òkú ò tíì jáde nínú omi tí ẹnu ti ń kùn. Àwọn tí kò lè kọ orúkọ ara wọn ń fi ìwé ránṣẹ́ sáwọn oníròyìn, wọ́n ń tẹ tẹlifóònù, pé kò mọ̀ ọ́n wà, pé torí ó jẹ́ obìnrin ni wọ́n ṣe tì í sókè. Ìyá tó ń ṣọ̀fọ̀ ló wá kó èsì ìdánwò ọmọ rẹ̀ síta kí gbogbo ayé wò ó. Ipò kẹta ló gbà láàárín àwọn méje tí wọ́n jọ kọ́ṣẹ́. Ẹ gbọ́ ná, ìyá ọmọkùnrin wo ni wọ́n ti ní kó wá fi ìwé gba ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn tọ́mọ ti kú sẹ́nu iṣẹ́?

Mo mọ ohun tí àwọn kan fẹ́ sọ. Wọ́n á ní ìwádìí kan táwọn ológun ṣe sọ pé ọwọ́ awakọ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Òótọ́ ni. Wọ́n á ní ìgbà àkọ́kọ́ tó dánwò bíbà lé orí ọkọ̀ pẹ̀lú F-14, ó fìdí rẹmi, kó tó yege lẹ́ẹ̀kejì. Òótọ́ nìyẹn náà. Ṣé ọkùnrin kì í fìdí rẹmi ni? Ẹ́ńjìnnì TF30 tó wà nínú bàlúù yẹn ńkọ́? Àwọn tó ń wà á ti mọ àrùn rẹ̀ tipẹ́, nítorí ẹ̀ ni wọ́n ṣe gbé ẹ́ńjìnnì mìíràn sínú àwọn F-14 tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà. Bàlúù yẹn ti já mọ́ ọkùnrin lọ́wọ́ kí Kara tó dé ìdí ẹ̀, a ò sì gbọ́ pé wọ́n ní kí ọkùnrin sọ̀ kalẹ̀.

Ẹ tún wo Barbara Allen Rainey, obìnrin àkọ́kọ́ tó di awakọ̀ òfuurufú nínú ológun ojú omi Amẹ́ríkà, ní 1974. Ní oṣù keje 1982, ó ń kọ́ ọkùnrin kan ní bíbà lé ní Alabama. Bàlúù já, olùkọ́ àti ọmọ iṣẹ́ jọ kú. Ilẹ̀ tí wọ́n já lù kò bèèrè ta ni obìnrin, ta ni ọkùnrin.

Ẹ má sì rò pé ẹjọ́ Amẹ́ríkà nìkan ni mò ń rò. Ní ìgboro wa níbí, bí mọ́tò bá rọ́ lu mọ́tò nínú sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ, gbogbo ọrùn á nà. Bí wọ́n bá rí gèlè, "Mo ní obìnrin ni!" Bí wọ́n bá rí fìlà, búrẹ́kì ló já.

Ọ̀rọ̀ mi kò pọ̀. Ẹni tí a kò bá jẹ́ kó ṣe àṣìṣe tirẹ̀ fún ara rẹ̀ nìkan, a ò tíì gbà á sẹ́nu iṣẹ́, a kàn fi àyè gbà á kó wá wò ni. Bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀, ẹ yẹ ẹ̀rọ wò, ẹ yẹ ẹ̀kọ́ wò, ẹ yẹ ọwọ́ awakọ̀ náà wò. Bó bá jẹ̀bi, ẹ wí i. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe torí ẹ̀ dájọ́ fún ọmọbìnrin tí wọn ò tíì bí.

Ọjọ́ 21 oṣù kọkànlá 1994 ni wọ́n sin Kara Hultgreen sí Arlington, níbi tí wọ́n ń sin àwọn ológun sí. Kò lè ṣàì sí ọkùnrin níbẹ̀ tó ṣàṣìṣe kan kó tó kú. Àṣìṣe tiwọn bá wọn wọlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí tirẹ̀ náà bá a wọlẹ̀.