Nọ́ọ̀tì Táyà Tí Ó Kọ̀ Tí Kò Tú

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ni í le koko. Mo ti ń pa òwe yìí fún àwọn ọmọ mi tipẹ́, ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà Gbọ̀ngán sí Ẹdẹ ni mo ti mọ ìtumọ̀ rẹ̀ dájú.

Ní ọjọ́ náà, mo ń gbé ìyá ọkọ mi bọ̀ láti Gbọ̀ngán. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru, a sì fẹ́ dé ọ̀dọ̀ dókítà ní Ẹdẹ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún 17, wà pẹ̀lú wa. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí a dé Akódà, táyà ẹ̀yìn kan jò pátápátá. Mo yà sí ẹ̀bá ọ̀nà. Táyà àfirọ́pò wà, jáàkì wà, sípánà wà. Mo ní ìṣẹ́jú 15 ni a óò fi ṣe é tán.

A fi jáàkì gbé ọkọ̀ sókè kí a tó fọwọ́ kan nọ́ọ̀tì rárá. Àṣìṣe wa àkọ́kọ́ nìyẹn. Nọ́ọ̀tì mẹ́ta tú, ìkẹrin kọ̀ jálẹ̀. Ọmọ mi gun orí sípánà, ó ń fò lé e. Sípánà yọ̀, ó ha igun nọ́ọ̀tì, ọkọ̀ mì, jáàkì sì dojú dé. Ọkọ̀ balẹ̀ gbì! Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run pé ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni kò sí lábẹ́ rẹ̀, àti pé Màmá ti sọ̀ kalẹ̀, wọ́n jókòó sí abẹ́ igi. Jìnnìjìnnì bò mí títí n kò fi lè sọ̀rọ̀.

Bàbá àgbàlagbà kan tí ó ń ti oko bọ̀ lórí alùpùpù dúró tì wá. Ó ní òun ti ṣe iṣẹ́ mẹkáníìkì fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo nọ́ọ̀tì náà, ó ní, "Ìyàwó, ẹ jẹ́ kí a bẹ̀ ẹ́. Ẹ má bà á jà." Màmá dáhùn láti abẹ́ igi pé, "Ẹ ṣeun, Bàbá. Ohun tí mo ti ń sọ fún wọn láti àárọ̀ nìyẹn."

Kí ni ó ń mú nọ́ọ̀tì le tó bẹ́ẹ̀? Ohun méjì ni. Èkíní ni ìpáàrà. Bí omi àti afẹ́fẹ́ bá pàdé lára irin, irin a dógùn-ún. Ìpáàrà yìí a máa gba àyè ju irin tí ó ti ara rẹ̀ jáde lọ, nítorí náà a wú, a sì há sí àárín eyín nọ́ọ̀tì àti eyín bóòtù. Èkejì ni ọwọ́ àwọn tí ń lẹ táyà fún wa. Bí sípánà bá gùn tó ìdajì mítà, ìwọ̀n kílò 20 tí a bá tẹ̀ sí ìpẹ̀kun rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó fún nọ́ọ̀tì ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tí ó wọn kílò 70 a dìde dúró lé e! Ìyẹn ju ìlọ́po mẹ́ta lọ. Báwo ni obìnrin yóò ṣe tú u lójú ọ̀nà?

Ẹ gbọ́ bí Bàbá ti ṣe é, kí ẹ̀yin náà lè ṣe é.

Lákọ̀ọ́kọ́, gbogbo ènìyàn ní láti sọ̀ kalẹ̀. Ẹ fa bíréèkì ọwọ́, kí ẹ sì fi òkúta ńlá dí iwájú àti ẹ̀yìn táyà tí ẹ kò ní tú. Ilẹ̀ ni kí táyà wà nígbà tí ẹ bá ń dẹ nọ́ọ̀tì. Lẹ́yìn tí gbogbo wọn bá ti dẹ̀ díẹ̀ ni ẹ óò tó lo jáàkì.

Lẹ́yìn èyí, ẹ ha ẹrẹ̀ kúrò. Ẹ po kẹrosíìnì mọ́ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì díẹ̀, kí ẹ kán an sí ibi tí bóòtù ti wọ inú nọ́ọ̀tì. Ẹ má jẹ́ kí ó kan bíréèkì. Ẹ fi òòlù kan orí nọ́ọ̀tì jẹ́jẹ́ kí epo lè ráyè wọlé, kí ẹ sì dúró fún ìṣẹ́jú 20. Ìdúró yìí ni ó máa ń nira jù fún wa, òun sì ni ó ń ṣiṣẹ́ jù.

Ẹ wá fi sípánà tí ó bá nọ́ọ̀tì mu gan-an bọ̀ ọ́ títí dé ìdí. Ẹ ki páìpù irin bọ ọwọ́ sípánà náà. Bí páìpù bá mú un gùn láti ìdajì mítà dé mítà kan, agbára yín ti di ìlọ́po méjì, láìjẹ́ pé ẹ jẹ iyán kún un! Ẹ kọ́kọ́ fún un le díẹ̀ kí ìpáàrà lè fọ́, kí ẹ tó yí i sí òsì. Ẹ tẹ̀ ẹ́ ṣinṣin, ẹ má fò lé e.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má dáná sí i. Afẹ́fẹ́ inú táyà tí ó bá gbóná lè bú gbàmù, ó sì lè pa ènìyàn. Bí bóòtù bá kán, tàbí bí igun nọ́ọ̀tì bá ti há tán, ẹ pe mẹkáníìkì.

Ó tó ìdajì wákàtí kí nọ́ọ̀tì wa tó dún "kẹ́!" tí ó sì gbà. Òru ti ń bọ̀ nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ dókítà, ṣùgbọ́n wọ́n dúró dè wá. Ẹ̀jẹ̀ Màmá ga ju bí ó ti yẹ lọ. Ara mi bù máṣọ nígbà tí mo rò ó pé nọ́ọ̀tì kan péré ni ì bá dá wa dúró mọ́jú.

Nítorí náà, ẹ má dúró de ojú ọ̀nà. Lẹ́ẹ̀kan ní oṣù mẹ́fà, ẹ tú nọ́ọ̀tì táyà yín ní ẹnu ọ̀nà ilé, ní ọ̀sán gangan, ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì dá a padà. Ẹ fi ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹ má lọ yíká, ẹ máa fò sí èyí tí ó kọjú sí i. Nígbà tí ọkọ̀ bá balẹ̀ ni ẹ óò fún un le tán. Ẹ tún yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ìrìn kìlómítà 50 sí 100, nítorí èyí tí ó dẹ̀ jù lè mú táyà yọ lórí eré. Bí ẹni tí ń lẹ táyà bá sì fẹ́ gun orí sípánà, ẹ sọ fún un pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, èmi ni n óò tú u."

Páìpù mítà kan ti wà nínú búùtù mi báyìí, àti ìgò epo kékeré. Màmá ni wọ́n ra páìpù náà fún mi. Ó dìgbà oṣù tí ń bọ̀.