Ẹ Má Fi Ìkánjú Mú Òkúta Dán

Ọjọ́ 16 gbáko ni mo fi mú òkúta pẹlẹbẹ kan dán nílé wa, bẹ́ẹ̀ òkúta yẹn ò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Nígbà tí mo gbé fọ́tò rẹ̀ sórí WhatsApp, àbúrò mi kan tó ń lẹ táìsì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ọjọ́ 16? Ẹ̀rọ tí mo fi ń gé táìsì á ti ṣe é tán kí ìrẹsì tó jinná."

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ò kúrò lọ́kàn mi. Èrò tèmi rèé: ẹni tó bá fẹ́ máa mú òkúta dán nílé, ẹ̀rọ tó lọ́ra tó sì ń lo omi ló yẹ kó lò. Kì í ṣe torí ẹwà òkúta nìkan o. Torí ẹ̀dọ̀fóró wa ni.

Kí tiẹ̀ ni ẹ̀rọ tí mò ń lò? Abọ́ pẹrẹsẹ kan ni, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ tẹ́jú dáadáa. Lábẹ́ rẹ̀ ni ẹ̀rọ kékeré tó ń yí wà, irú èyí tó wà nínú fáànù, àmọ́ wọ́n so irin wúwo mọ́ ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀. Ẹ ti rí fáànù tí apá rẹ̀ kan ti ṣẹ́ rí, àbí? Bó ṣe máa ń gbọ̀n jìgìjìgì yẹn gan-an ni. Tibí, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é kó máa gbọ̀n ni. Ẹ ó da ìyẹ̀fun líle àti omi díẹ̀ sínú abọ́, ẹ ó da ojú òkúta dé e, ẹ ó tan iná sí i. Òkúta á máa rìn yí abọ́ ká fúnra rẹ̀, ìyẹ̀fun á máa ha á lábẹ́. Iṣẹ́ ọlọ náà ni. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé a ò wá ata lílọ̀, ọmọ ọlọ gan-an là ń ṣe lóge.

Silicon carbide ni wọ́n ń pe ìyẹ̀fun yẹn. Ẹ mọ sáńpépà dúdú táwọn tó ń kun ọkọ̀ máa ń rì sínú omi kí wọ́n tó fi ha ara mọ́tò? Òun náà ló wà lójú ẹ̀. Lórí òṣùwọ̀n líle òkúta tí Friedrich Mohs ará Jámánì gbé kalẹ̀, láti 1 dé 10, mábù wà ní 3, quartz wà ní 7, silicon carbide sì ju 9 lọ. Ìdí nìyẹn tó fi lè jẹ quartz.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù rèé. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé nǹkan kan là ń fi kun òkúta kó tó dán. Rárá o. Òkúta tí ò dán, ìlà wẹ́wẹ́ ló kún ojú rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tó bá bọ́ sí i á fọ́n káàkiri, bíi bọ́ọ̀lù tó ń ta lójú ọ̀nà tó kún fún kòtò. Ìyẹ̀fun nọ́ńbà 80 máa tẹ́ ojú òkúta, àmọ́ ó máa fi ìlà ńláńlá sílẹ̀. Nọ́ńbà 220 máa jẹ ìlà 80, á fi tiẹ̀ tó kéré sílẹ̀. 600 máa jẹ ti 220. Ìgbẹ̀yìn ni cerium oxide lórí aṣọ tó nípọn. Ẹyọ ìyẹ̀fun tiẹ̀ lè máà ju ìdá kan nínú 1,000 mìlímítà lọ. Ìgbì ìmọ́lẹ̀ tí ojú wa ń rí fúnra rẹ̀ wà láàárín 0.4 sí 0.7 irú ìdá bẹ́ẹ̀. Tí ìlà bá ti kéré ju ìgbì ìmọ́lẹ̀ lọ, ìmọ́lẹ̀ ò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ mọ́. Gbogbo rẹ̀ á gba ojú kan náà padà, ẹ ó sì máa rí ara yín bíi nínú dígí.

Ẹ ò rí i pé kò sí àbùjá? Ẹni tó bá fo 220, ìlà 80 á dúró dè é níwájú. Èmi náà jìyà ẹ̀. Kànìnkànìn tí mo fi fọ òkúta lẹ́yìn 80 náà ni mo tún fi fọ̀ ọ́ kí n tó gbé e sórí aṣọ. Ẹyọ ìyẹ̀fun bíi mélòó kan ló kù nínú rẹ̀, ó sì fa ìlà gbọọrọ kọjá ojú òkúta tó ti ń dán. Mo padà sí 220. Ọjọ́ mẹ́rin lọ síbẹ̀.

Kì í ṣe àwa la bẹ̀rẹ̀ sùúrù yìí o. Ẹdùn àrá táwọn àgbà wa máa ń rí nínú oko, tí wọ́n ní Ṣàngó ló sọ ọ́ wálẹ̀, àwọn tó ń walẹ̀ ìtàn ní àáké òkúta ni, táwọn èèyàn ayé àtijọ́ fi ọwọ́ ha títí tó fi dán. Wọ́n rí irú àáké bẹ́ẹ̀ ní Ihò Eléérú ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, níbi tí Thurstan Shaw ti walẹ̀ ní 1965. Kò síná mànàmáná nígbà yẹn.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ àbúrò mi. Ẹ̀rọ tiẹ̀ yá lóòótọ́. Ṣùgbọ́n tó bá ń gé òkúta láìsí omi, ẹ ò ní rí i nínú eruku. Quartz wà nínú gíráńáìtì, ó sì wà nínú ọ̀pọ̀ táìsì. Eruku rẹ̀ tó kéré jù, tí ojú ò lè rí, ló ń wọlé lọ sí ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró, tó ń dá àpá síbẹ̀. Silicosis lorúkọ àìsàn náà. Kò ní oògùn tó ń wò ó sàn. Òkúta àtọwọ́dá tí wọ́n ń tẹ́ sórí kábínẹ́ẹ̀tì ìdáná burú jù, torí quartz lè ju 90 lọ nínú 100 rẹ̀. Nítorí eruku yìí ni Ọsirélíà ṣe fòfin de irú òkúta bẹ́ẹ̀ láti July 1, 2024.

Inú omi ni iṣẹ́ ti ń lọ nínú ẹ̀rọ tèmi, eruku ò ráyè fò. Ẹrọ̀fọ̀ tó bá kù, ẹ má dà á sínú sínkì, ó máa gan bíi sìmẹ́ǹtì. Ẹ jẹ́ kó rogún nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, kẹ́ ẹ di gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ẹ̀ sínú ọ̀rá nígbà tó ṣì tutù. Tó bá gbẹ, eruku náà ló tún dà.

Ẹlòmíràn á ní ẹ̀rọ yìí wọ́n, ó ń pariwo, ó sì ń jẹ iná. Òótọ́ ni. Ìyá tó wà ní yàrá kejì sí wa ti bá mi jà rí, àfìgbà tí mo tó gbé e sórí táyà àlòkù. Tẹ́ ò bá lówó ẹ̀, ẹ wá mábù Ìgbẹ́tì pẹlẹbẹ kan, kẹ́ ẹ tẹ́ sáńpépà dúdú sórí gíláàsì, kẹ́ ẹ da omi sí i, kẹ́ ẹ máa fi ọwọ́ ha á. Mábù rọ̀, kò ní pẹ́ púpọ̀. Àmọ́ o, ẹ má da omi sí ẹ̀rọ iná tí wọn ò ṣe fún omi. Iná lè gbé yín.

Mo sọ gbogbo èyí fún àbúrò mi. Kò jiyàn. Ó ní ẹ̀rọ tó ń fomi gé wà, àti ìbòmú tó dáa, àmọ́ àwọn oníbàárà ń kán wọn lójú, wọn ò sì fẹ́ fowó lé e. Ọ̀rọ̀ yẹn ló pa mí lẹ́nu mọ́, torí oníbàárà lèmi náà. Nígbà tí wọ́n lẹ táìsì ilé wa, èmi ni mo ń pè wọ́n láàárọ̀ lálẹ́ pé kí wọ́n yára.

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Nígbà mìíràn tẹ́ ẹ bá pe oníṣẹ́ táìsì, ẹ bi í bóyá omi wà nínú iṣẹ́ náà, kẹ́ ẹ sì sanwó ẹ̀ fún un. Èmi ti ṣe tán láti san tèmi.