Owó-orí Lórí Owó Ilé-ìwé Aládàáni: Ta Ni Yóò Jẹ Èrè Rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ń fa àríyànjiyàn ní gáréèjì bọ́ọ̀sì àti ní ilé-iṣẹ́ wa, ó sì tọ́ kí ẹ̀ka ẹgbẹ́ wa sọ èrò ọkàn rẹ̀ síta. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2025 ni ìjọba ìlú Ọba ti ń gba owó-orí ọjà, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí VAT, lórí owó ilé-ìwé aládàáni. Pọ́n-ùn 20 ni wọ́n ń gbà lórí pọ́n-ùn 100. Inú àwọn kan nínú wa dùn sí i. Inú àwọn mìíràn, pàápàá àwọn tí ọmọ wọn wà ní irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀, bàjẹ́. Èrò tiwa ni pé owó-orí náà tọ́, ṣùgbọ́n kò ní wúlò fún ẹnikẹ́ni nínú wa bí owó rẹ̀ kò bá dé ilé-ìwé tí ọmọ òṣìṣẹ́ wà.

Ẹ jẹ́ kí á yẹ ọ̀rọ̀ náà wò fínnífínní. Nínú 100 ọmọ tí ń lọ sí ilé-ìwé ní England, nǹkan bíi 7 péré ni ó wà ní ti aládàáni. Kí owó-orí yìí tó dé, nǹkan bí 18,000 pọ́n-ùn ni òbí ń san lọ́dún, ní ìpíndọ́gba, lórí ọmọ tí ń ti ilé lọ sí irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀. Owó tí ìjọba ń ná lórí ọmọ kan ní ilé-ìwé tirẹ̀ jẹ́ bí 8,000. Ilé-ìwé Eton, tí Ọba Henry Kẹfà dá sílẹ̀ ní 1440 kí 70 ọmọ aláìní lè kàwé lọ́fẹ̀ẹ́, ti di ibi tí òbí tí ń san owó pé ń san ju 60,000 pọ́n-ùn lọ lọ́dún. Síbẹ̀, títí di òpin ọdún 2024, òfin yọ̀ǹda irú owó ilé-ìwé bẹ́ẹ̀ kúrò nínú owó-orí ọjà.

Àwa ńkọ́? Bí ọmọ wa bá dàgbà tí ẹ̀wù ọmọdé kò gbà á mọ́, a ń san owó-orí ọjà lórí yunifọ́ọ̀mù rẹ̀. A ń san án lórí báàgì rẹ̀, lórí bírò àti rúlà rẹ̀. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ń san owó-orí lórí bírò ọmọ rẹ̀. Ọlọ́rọ̀ kò san lórí owó ilé-ìwé tí ó tó owó ilé. Ta ni yóò pe èyí ní òdodo?

Àwọn tí ó lòdì sí òfin náà ní ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń sanwó: wọ́n ń san owó-orí fún ilé-ìwé ìjọba tí ọmọ wọn kò lò, wọ́n tún ń san ti aládàáni. Ìdáhùn wa ni pé ẹni tí kò bímọ rárá náà ń san owó-orí fún ilé-ìwé. Nọ́ọ̀sì tí ń tọ́jú ọlọ́rọ̀ àti awakọ̀ tí ń gbé òṣìṣẹ́ rẹ̀ lọ sí ibi iṣẹ́, ilé-ìwé ìjọba ni púpọ̀ nínú wọn ti jáde. Gbogbo ìlú ni ó ń jẹ èrè ẹ̀kọ́ wọn.

Wọ́n tún ní ọ̀pọ̀ ọmọ ni yóò fi ilé-ìwé aládàáni sílẹ̀. Ìjọba fúnra rẹ̀ ṣírò pé nígbà tí ó bá yá, iye ọmọ tí ó wà níbẹ̀ yóò fi nǹkan bí 37,000 dín. A kò fojú kéré èyí. Ṣùgbọ́n láti 2003, bí a bá tilẹ̀ yọ ti ọ̀wọ́ngógó ọjà kúrò, owó ilé-ìwé wọ̀nyí ti fi ju ìdajì lọ gbówó lórí, nígbà tí kò sí owó-orí ọjà kankan lórí rẹ̀. Ní ilé-ìwé ìjọba ní England ńkọ́? Láàrin 2010 sí 2020, owó tí wọ́n ń ná lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan fi ìdá 9 nínú 100 dínkù. Ní 2023, ilé-ìwé tí ó ju 100 lọ ni wọ́n sọ fún pé kí wọ́n ti àwọn ilé wọn kan pa nítorí kọnkéré tí kò lágbára.

A mọ̀ pé àwọn ẹlẹgbẹ́ wa wà tí ń ṣe ofataimu lóru àti ní ọjọ́ Àìkú kí wọ́n lè san owó ilé-ìwé kékeré kan ní àdúgbò. A kò bá wọn jà. Wọn kì í ṣe ọlọ́rọ̀. Kíláàsì tí ó kún àkúnfàya ni wọ́n rí tí ẹ̀rù fi bà wọ́n. Ṣùgbọ́n bí ilé-ìwé ìjọba bá dára, oorun wọn kò ní di owó ilé-ìwé mọ́. Ìdí nìyẹn tí ìjà yìí fi jẹ́ tiwọn pẹ̀lú.

Ọ̀rọ̀ owó-orí fún ẹ̀kọ́ kì í ṣe tuntun sí àwa ọmọ Yorùbá. Ní 1953, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ darí fi owó-orí ṣílè mẹ́wàá àti sísì lélẹ̀ fún ẹ̀kọ́ àti ìlera. Àwọn ènìyàn bínú gidigidi, ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀ sì fìdí rẹmi ní agbègbè náà nínú ìdìbò sí ilé aṣòfin àpapọ̀ ní 1954. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sì kúrò ní nǹkan bí 456,000 ó di 811,000. Nígbà tí òbí rí ọmọ tirẹ̀ nínú kíláàsì, ó mọ ibi tí owó rẹ̀ wọlé sí.

Ohun tí a fẹ́ níhìn-ín náà nìyẹn. Ìjọba ní owó-orí tuntun yìí yóò mú bíi bílíọ̀nù pọ́n-ùn kan ààbọ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ wá lọ́dún, wọ́n sì ṣèlérí olùkọ́ tuntun 6,500. Ṣùgbọ́n inú àpò gbogbogbòò ni owó náà ń wọ̀. Kò sí òfin tí ó so ó mọ́ ilé-ìwé. Ní 2025 kan náà, nígbà tí wọ́n fi ìdá 4 nínú 100 kún owó oṣù olùkọ́ ní England, wọ́n ní kí àwọn ilé-ìwé wá ìdá kan nínú rẹ̀ láti inú àpò ara wọn. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí á ṣe ohun mẹ́ta. Ẹ kọ̀wé sí aṣòfin àdúgbò yín, kí ẹ bi í pé olùkọ́ mélòó nínú àwọn tuntun náà ni ó dé ilé-ìwé ọmọ yín. Ẹ forúkọ sílẹ̀ láti jẹ́ aṣojú òbí nínú ìgbìmọ̀ ilé-ìwé. Bí ó bá jẹ́ ilé-ìwé tí ìjọba ìbílẹ̀ ń bójú tó, òfin ọdún 1996 fún òṣìṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ láti gba àyè díẹ̀ níbi iṣẹ́ fún un, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò pọn dandan kí ọ̀gá sanwó àkókò náà. Ẹ̀kẹta, ẹ̀yin tí owó yín kéré, ẹ má ṣe sọ pé nítorí oúnjẹ ti di ọ̀fẹ́ fún gbogbo ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù láti 2023, kò sí ìdí láti kọ fọ́ọ̀mù oúnjẹ ọ̀fẹ́ mọ́. Fọ́ọ̀mù yẹn ni ilé-ìwé fi ń gba owó àfikún bí 1,500 pọ́n-ùn lọ́dún lórí ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan tí ó bá tọ́ sí. Ẹni tí kò kọ ọ́ lè fi owó ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ sọ́wọ́ ìjọba.

Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Wọ́n ti gba owó náà lọ́wọ́ ẹni tí ó ní in. Ó ku kí á rí i pé ó dé ọ̀dọ̀ ọmọ wa.